Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lórí Ìtàgé: Lámèyítọ́ Ijó Adele àti Fred Astaire

Bí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ fún wa pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi yé wa ni pé ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, èkejì sì jẹ́ obìnrin. Ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó dákẹ́. Ó ní láti béèrè pé, ta ni ẹ̀gbọ́n, ta sì ni àbúrò? Bí a kò bá tíì dáhùn ìbéèrè yìí, a kò mọ bí a ó ti kí wọn, a kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ ẹni tí a ó bi léèrè bí iṣẹ́ bá bàjẹ́. Mo fẹ́ kí àwa olùkọ́ gbé ìbéèrè ilé wa yìí lọ sí orí ìtàgé àwọn ará Amẹ́ríkà, kí a fi í wo Adele àti Fred Astaire, àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n jọ jó láti 1905 títí di 1932.

Orúkọ Fred kì í ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí sinimá gbé e dé ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Ti Adele kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ìgbà tí àwọn méjèèjì jọ ń jó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wò wọ́n ni ó sọ pé Adele ni ìràwọ̀ eré náà, Fred pàápàá kò sì jiyàn. Báwo ni ẹni tí ó ṣíwájú ṣe wá di ẹni tí a gbàgbé? Ohun tí mo fẹ́ wádìí nìyẹn. N kò wádìí rẹ̀ nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Adele ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníjó tiwa lójoojúmọ́, ojú wa ló sì ń ṣẹlẹ̀.

Ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska ni a ti bí wọn, Adele ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1896, Fred ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún 1899. Austerlitz ni orúkọ ìdílé wọn. Ilẹ̀ Austria ni bàbá wọn ti wá, ilé ìpọntí ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Adele ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ yá sí ijó. Fred jẹ́ ọmọdé tí ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ibi ẹ̀kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1905, ìyá wọn kó àwọn méjèèjì lọ sí New York láti kọ́ iṣẹ́ ìtàgé, bàbá sì dúró sí Omaha láti máa wá owó tí wọn yóò ná. Adele jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, Fred kò sì tíì pé mẹ́fà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gba owó àkọ́kọ́ lórí eré wọn ní Keyport, ìlú kékeré kan ní New Jersey. Kéèkì ìgbéyàwó àfiṣeré ni wọ́n gùn jó, Adele ni ìyàwó, Fred ni ọkọ, pẹ̀lú fìlà gogoro àti ẹ̀wù onírù. Astaire ni orúkọ tí wọ́n mú wọ ìtàgé.

Ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà èwe ni ọ̀rọ̀ ti gba ọ̀nà méjì. Àbúrò ni wọ́n fi ṣe ọkọ. Ijó Òyìnbó tí ọkùnrin àti obìnrin ń jó pọ̀ ní òfin kan, pé ọwọ́ ọkùnrin ni ń tọ́ obìnrin sọ́nà. Nítorí náà ìtàgé sọ Fred di olórí, ilé sì ti sọ Adele di ẹ̀gbọ́n. Láàárín ipò méjì yìí ni gbogbo ijó wọn ti hù jáde.

Kò pẹ́ tí ara fi jẹ́rìí sí ẹ̀gbọ́n. Adele ga sókè, ó fi Fred sílẹ̀ nílẹ̀, débi pé kò sí ẹni tí ó tún lè wò wọ́n bí ọkọ àti ìyàwó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọ́n dá eré dúró fún nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n lọ sí ilé-ìwé bí àwọn ọmọ yòókù, títí Fred fi ga díẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí kò bá ara wọn tan ni, ìyẹn ni ìbá jẹ́ òpin àjọṣe wọn. Ẹni tí ó ga ìbá lọ wá ẹni tí ó tó o í bá jó. Ṣùgbọ́n a kì í pààrọ̀ àbúrò ẹni nítorí pé ó kúrú. Ẹ̀gbọ́n dúró de àbúrò. Ìdúró yẹn ni mo kà sí ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn, ju ilé ẹ̀kọ́ ijó èyíkéyìí lọ.

Nígbà tí wọ́n padà sí ìdí iṣẹ́, eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní vaudeville ni wọ́n ń ṣe kiri láti ìlú dé ìlú nínú ọkọ̀ ojú irin. Nínú irú eré yìí, olórin, oníjó, apidán àti aláwàdà a máa gba ìtàgé lọ́wọ́ ara wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn alárìnjó tiwa yóò tètè lóye irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ìdílé ni alárìnjó náà. Bàbá a kọ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n a kọ́ àbúrò, gbogbo wọn a sì jọ gbé ẹrù eré kọ́rí sí ìlú mìíràn. Ní oṣù Kọkànlá 1917 ni àwọn Astaire dé Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré ńláńlá ní New York, nínú eré tí a ń pè ní Over the Top. Wọ́n jó nínú The Passing Show of 1918, nínú Apple Blossoms (1919), nínú The Love Letter (1921) àti For Goodness Sake (1922), èyí tí wọ́n gbé lọ sí London ní 1923 tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Stop Flirting. Lẹ́yìn náà ni àwọn eré méjì tí ó mú òkìkí wọn kàn jù dé, Lady, Be Good! ní 1924 àti Funny Face ní 1927. George Gershwin ni ó kọ orin àwọn eré méjèèjì yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ira ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ orin. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ó ń kọrin sílẹ̀ fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti jó.

Kí wá ni ọmọ ìyá méjì lè ṣe lórí ìtàgé tí àwọn méjì mìíràn kò lè ṣe? Mo rí ohun méjì.

Èkíní ni ìṣọ̀kan ẹsẹ̀. Ijó kan wà tí àwọn òǹwòran kò jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ láti 1921 lọ, èyí tí Edward Royce, olùdarí The Love Letter, gbé kalẹ̀ fún wọn. Wọn a fi èjìká kan èjìká, wọn a na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere mú, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí ìtàgé po. Ojú wọn kò rẹ́rìn-ín rárá. Àyíká náà a máa fẹ̀ sí i, orin a máa dún lọ́nà kan ṣoṣo, títí wọn yóò fi sáré kúrò lójú ìtàgé, ilé a sì gbinájẹ fún ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́. Bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ yìí, kò jọ ohun bàbàrà. Ìgbésẹ̀ líle kan kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè sáré bẹ́ẹ̀. Agbára rẹ̀ wà nínú pé ènìyàn méjì ń sáré bí ẹnì kan, láìwo ojú ara wọn, láìsí ẹni tí ó ń dúró de ẹnìkejì. Olùkọ́ ijó lè fi oṣù mẹ́ta kọ́ ènìyàn méjì ní ìgbésẹ̀. Kò lè fi oṣù mẹ́ta fún wọn ní ogún ọdún tí wọ́n ti jọ jí, tí wọ́n jọ jẹun, tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìgbà tí eyín wọn ṣì ń yọ. Ohun tí òǹwòran ń rí nínú eré ìsáré yẹn ni ogún ọdún náà.

Èkejì ni ẹ̀rín tí kò ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ nínú. Eré olórin ìgbà náà kò lè ṣe kí ó má sọ ìtàn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wá ìyàwó, ijó ni ó sì máa ń fi hàn pé ọkàn àwọn méjì ti pàdé. Àwọn Astaire kò lè jó irú ijó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ara wọn. Ojú kò ní í gbà á. Nítorí náà àwọn òǹkọ̀wé eré ní láti wá ọgbọ́n dá. Nínú Lady, Be Good! wọ́n sọ wọ́n di ohun tí wọ́n jẹ́ nílé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí onílé lé jáde tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà àtijẹ. Nínú Funny Face, Fred di alágbàtọ́, Adele sì di ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní ibi méjèèjì, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn fúnra wọn kàn ń bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún ijó. Oníjó tí kò ní ẹ̀bẹ̀ ìfẹ́ kankan láti bẹ̀, kò ní ìdí láti máa lẹ̀wà ní gbogbo ìgbà. Ó lè ṣu ojú pọ̀, ó lè ṣe bí òpè, ó lè ṣubú. Adele jẹ́ ọ̀gá nínú èyí. Arẹwà obìnrin ni, kò sì bẹ̀rù pé kí a fi òun rẹ́rìn-ín. Kò sí ìgbà tí òmìnira bẹ́ẹ̀ ń wá ju ìgbà tí ó jẹ́ pé ọmọ ìyá ẹni ni ó dúró tini, ẹni tí ó ti rí gbogbo ìwà òpè ẹni láti kékeré.

Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tí ó bá ń yin nǹkan ní láti sọ iye tí a rà á. Ohun tí ó fún wọn ní òmìnira ni ó ṣe ọgbà yí wọn ká. Oríṣi ijó kan wà tí wọn kò lè jó láé, ìyẹn ijó tí ọkàn ti ń ṣí payá díẹ̀díẹ̀ fún ọkàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọgbà náà ti ga tó, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1932. Lẹ́yìn eré The Band Wagon (1931), Adele fi ìtàgé sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1932 ó fẹ́ Lord Charles Cavendish, ó sì lọ ń gbé ní ilé ńlá Lismore ní Ireland. Fred dá wọ inú Gay Divorce, eré tí Cole Porter kọ orin rẹ̀, ní ìparí ọdún kan náà. Àwọn oníròyìn kan kọ ọ́ pé àwọn ń wá Adele kò sí. Nínú eré yìí ni ó ti bá Claire Luce jó sí orin Night and Day, ijó ọkùnrin tí ń bẹ obìnrin pé kí ó má lọ. Ọmọ ọdún 33 ni Fred, ó sì ti tó ọdún 27 tí ó ti ń jó, kí ó tó rí àyè jó irú ijó yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan pàtàkì nínú eré. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là sí sinimá, àti sí àwọn sinimá mẹ́wàá tí òun àti Ginger Rogers jọ ṣe láàárín 1933 àti 1949.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú ijó náà? Nílé, Adele ni. Ní ìdí iṣẹ́, Fred ni ó di àgbà. Òun ni kì í sinmi ìdánrawò, òun ni ó máa ń ráhùn pé ìgbésẹ̀ kan kò tíì mọ́ tó, débi pé Adele sọ ọ́ ní Moaning Minnie, bí ẹni pé a pe ènìyàn ní Aláròyé. Adele kò fẹ́ràn ìdánrawò. Ó gbà pé bí ilé bá ti kún, ijó yóò wá. Àwa Yorùbá ní ìtàn kan tí ó bá èyí mu. Táyé ni ó kọ́kọ́ jáde, ó wá tọ́ ayé wò. Ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé tí ó dé kẹ́yìn ni a ń pè ní ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ni ó rán Táyé níṣẹ́. Adele ni ó tọ́ ìtàgé wò tí ó sì wí pé ó dùn. Fred tí ó tẹ̀lé e dé ni ó wá di àgbà ijó lójú gbogbo ayé. Bí a bá fi ojú ọjọ́ orí nìkan wò wọ́n, a ó ṣi Fred mọ̀. Bí a bá sì fi ojú òkìkí nìkan wò wọ́n, a ó ṣi Adele mọ̀. Àṣìmọ̀ kejì yìí ni ó gbilẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Kò sí sinimá tí Adele ti jó lọ́wọ́ wa. Ohùn rẹ̀ wà. Àwo orin tí òun àti Fred kọ ní London láti 1923 lọ, àti àwọn ti The Band Wagon ní 1931, a ṣì lè gbọ́ wọn lónìí. Àwọn fọ́tò wà, àkọsílẹ̀ àwọn oníròyìn wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò sí. Sinimá olóhùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní 1927, Adele sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1932. Ọdún márùn-ún péré ni ó wà láàárín. Ní 1951, nígbà tí Fred ṣe sinimá Royal Wedding, ìtàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò oníjó tí wọ́n lọ sí London tí obìnrin náà sì fẹ́ ọmọ ọlọ́lá níbẹ̀, Jane Powell ni ó wà ní àyè obìnrin náà. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ibi tí sinimá ti sún mọ́ ìtàn Adele jù lọ, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni a rí. Ó kú ní oṣù Kìíní 1981, Fred sì kú ní oṣù Kẹfà 1987.

Fred mọ iyì ohun tí ẹ̀rọ ayàwòrán lè ṣe àti ohun tí ó lè bàjẹ́. Nígbà tí ó dé ìdí sinimá, ó fi dandan lé e pé gbogbo ara oníjó ní láti hàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí a má sì gé ijó sí wẹ́wẹ́, kí a má máa fi ojú hàn nígbà tí ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ìlànà yìí ni mo kà sí ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù fún àwa olùkọ́ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ń bọ̀ wá bá a.

Kí n tó dé ibẹ̀, òdodo kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Ijó olóhùn bàtà onírin tí wọ́n ń pè ní tap, tí Fred fi di ọlọ́lá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, àwọn tí ìran wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Nínú sinimá Swing Time (1936), Fred kun ojú rẹ̀ ní dúdú láti jó ijó kan tí orúkọ rẹ̀ tọ́ka sí Bill Robinson, tí a ń pè ní Bojangles. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ mọ́; ojú tí ó kùn ni kò yẹ. Ní àkókò yẹn kan náà, ọmọ ìyá méjì mìíràn ń jó ní New York, Fayard Nicholas tí a bí ní 1914 àti àbúrò rẹ̀ Harold tí a bí ní 1921. Ọmọdé ni Harold nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní Cotton Club ní Harlem ní 1932. Ní 1943, nínú sinimá Stormy Weather, wọ́n ń fo orí ara wọn kọjá lórí àtẹ̀gùn gíga, wọ́n sì ń balẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ní yíya gbalaja. Nínú ijó wọn ni a ti lè fi ojú ara wa rí ohun tí mo sọ nípa ìṣọ̀kan ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ sinimá wọn, a kì í fún wọn ní ipa kankan nínú ìtàn. Ijó wọn a dá dúró lọ́tọ̀, tí ó fi rọrùn láti yọ ọ́ kúrò ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọn kò fẹ́ rí ènìyàn dúdú lójú sinimá. Nítorí náà, kí a ya ijó sínú ẹ̀rọ nìkan kò tó. Ó ní ọ̀nà tí a fi ń yà á àti ipò tí a fi í sí.

Kí a má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni èyí. Ijó tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti wà lọ́wọ́ wa kí a tó gbọ́ orúkọ Broadway, ọjà sì ni ìtàgé rẹ̀. Ìyá ìbejì a máa jó àwọn ọmọ rẹ̀ kiri ọjà, àwọn ènìyàn a sì máa fún wọn ní nǹkan. Ibi tí Yorùbá bá sì bá òwò dé, ijó yìí lè bá a dé ibẹ̀. Ní Niamey, olú ìlú Niger, ọjà kan wà láàárín ìlú tí a ń pè ní Petit Marché, ìyẹn Ọjà Kékeré, níbi tí ẹran, èso àti ẹ̀fọ́ ti ń pàdé lójoojúmọ́. Ìlú náà ti gba àwọn oníṣòwò Yorùbá mọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo kọjá ní ọjà yìí, mo rí ìyá kan tí ń kọrin, tí àwọn ìbejì rẹ̀ tí wọn yóò tó ọmọ ọdún mẹ́fà sì ń jó níwájú rẹ̀, láàárín àwọn alátà tòmátì. Àwọn Haúsá àti Zarma dúró wò wọ́n. Kò ṣe àjèjì sí wọn. Haúsá pàápàá ní Hassan àti Hussaini tirẹ̀. Ohun tí mo kíyè sí gẹ́gẹ́ bí olùwòran ijó ni pé Kẹ́hìndé kò wo ojú Táyé lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ gìgísẹ̀ wọn ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fún wọn lówó ẹyọ, ìyá dúpẹ́, ọjà sì padà sí ọjà. Kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìlú Niamey yìí kan náà ni ó yẹ kí ó kọ́ wa. Jean Rouch, ará Faransé tí ó kọ́kọ́ dé Niger ní 1941 gẹ́gẹ́ bí ẹnjinníà ojú ọ̀nà, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ya ijó, ìlù àti ààtò ìbílẹ̀ àwọn ará ilẹ̀ náà sínú sinimá, títí ó fi kú níbẹ̀ ní 2004. Ilé àṣà kan jẹ́ orúkọ rẹ̀ rí ní Niamey. Ní 1971, ní abúlé Simiri, ó ya sinimá kan tí ó pè ní Les Tambours d'avant: Tourou et Bitti, lórí ìlù àtijọ́ àti ijó tí òrìṣà fi ń gun ènìyàn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì dá ẹ̀rọ dúró láti ìgbà tí ó wọ agbo títí ó fi jáde. Ẹ wò ó bí ohun méjì tí ó jìnnà síra ti pàdé. Fred Astaire ní ilé sinimá olówó ńlá ní Hollywood, Jean Rouch nínú eruku Simiri, èrò kan náà ni àwọn méjèèjì dé: ẹni tí ó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún ijó kò gbọdọ̀ gé e.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa nípa Hubert Ogunde. Ní 1944 ni ó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ sórí ìtàgé ní Èkó; ní 1947 ó rìnrìn-àjò lọ sí London pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ijó tap àti waltz níbẹ̀, tí bàtà onírin fi wá pàdé bàtá lórí ìtàgé Yorùbá. Eré rẹ̀ jẹ́ eré ìdílé. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ni òpó rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìdí eré náà sì dàgbà di oníjó àti òṣèré. Ní 1979 ni sinimá Aiye jáde. Láàárín ọdún 35 wọ̀nyẹn, mélòó ni ijó tí wọ́n jó láti ìlú dé ìlú? A mọ orúkọ àwọn eré. A mọ ọdún tí ìjọba fòfin de Yoruba Ronu, ìyẹn 1964. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó lè dìde lónìí kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ fi hàn wá bí wọ́n ti jó wọ ìtàgé ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 1946? Ibi tí Adele wà ni àwọn náà wà. Ohùn kù, orúkọ kù, ẹsẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìgbà wa kò ní àwáwí tí ìgbà Adele ní. Ẹ̀rọ ayàwòrán wà nínú àpò ọ̀pọ̀ nínú wa, nínú fóònù tí a fi ń pe ilé. Bí iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé-ìwé ti ń gbé mi kiri, mo ti rí fídíò ijó ọjọ́ ìparí ọdún tí kò lóǹkà. Ìdajì wọn jẹ́ ojú ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín, ìdajì jẹ́ ti àwọn àlejò pàtàkì, ẹsẹ̀ kò sí nínú wọn. Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín sí. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn oníjó àti òbí wọn, kí ẹ sì ya ijó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ má dá ẹ̀rọ dúró títí ìlù yóò fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlù, orúkọ ijó àti orúkọ ìlú, ẹni tí ó kọ́ ẹni tí ó ń jó, àti pé, bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ìyá, ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àbúrò.

Ìdájọ́ mi lórí àwọn Astaire nìyí. Nínú ijó ìfẹ́, Fred ga ju ohunkóhun tí òun àti Adele lè jọ jó lọ, ó sì ní láti fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo àwọn sinimá rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí àwọn ibi kan tí ó ti dá ijó ìfẹ́ dúró, tí òun àti obìnrin tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí ọ̀kan ń jó, tí èkejì ń sín in jẹ, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ dá ara wọn lóhùn bí ọmọdé tí ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìyẹn ní Hollywood. Ilé ni ó ti gbé e wá, ẹni tí ó sì kọ́ ọ kò sí lójú sinimá náà.